Ìyá Tó Fi Epo Ra Ọmọ Rẹ̀ Lára Tí Kò Gbọ́ Ẹkún Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí ọmọ-ọmọ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé ìparí kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹni tó bá kà á dé ìdajì á rò pé iṣẹ́ wa, ìtọ́jú ìyá ọlọ́mọ tuntun, ni mò ń bú. N kò bú u o! Iṣẹ́ tí mo fi ń yangàn ni.

1.
Nílùú wa létí odò, nítòsí ìlú Ottapalam, kò sí ìyá ọlọ́mọ tuntun tí kò mọ Chirutha. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́jú obìnrin fún ogójì ọjọ́ lẹ́yìn ìbímọ. Á fi epo gbígbóná ra á lára láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á fi omi ewé wẹ̀ ẹ́, á fi aṣọ di ikùn rẹ̀, á sì fún un ní oògùn dúdú aládùn tó ki bí oyin. Ọwọ́ rẹ̀ dáa, kí n má purọ́. Obìnrin tí kò lè dìde lórí ẹní, kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, á máa rìn káàkiri ilé.

Bàbá Kesavan, oníṣègùn àgbà tó ń se epo náà, ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ohun kan sì wà tí bàbá yìí máa ń tẹnu mọ́: “Kó o tó ti ọwọ́ bọ epo, jókòó ti obìnrin náà. Bi í pé, ṣé o rí oorun sùn? Kí ló wà lọ́kàn ẹ? Kó o sì dákẹ́, kó o gbọ́ ọ.”

Chirutha ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òkìkí dé, ìgbéraga tẹ̀ lé e. Ó wá ń sọ ọ́ káàkiri pé, “Obìnrin tí èmi bá tọ́jú kì í sunkún!”

2.
Remya, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wá sílé ìyá rẹ̀ láti bí àkọ́bí, bí àṣà wa ti rí. Ó bí obìnrin. Ẹsẹ̀ Chirutha kò kan ilẹ̀ mọ́. “Gbogbo ìlú á rí iṣẹ́ ọwọ́ mi lára ọmọ tèmi!” Ó gba fóònù lọ́wọ́ Remya, torí wọ́n ní ìyá ọlọ́mọ tuntun kò gbọdọ̀ lo ojú rẹ̀ jù.

Lọ́jọ́ kẹwàá, bó ṣe ń ra á lẹ́yìn, Remya ní, “Amma, ìyá mi, nǹkan kan ń ṣe mí. Mi ò rí oorun sùn. Tí mo bá wo ọmọ yìí, ó ń ṣe mí bíi pé ọmọ àlejò ni.”

“Rẹ ohùn ẹ sílẹ̀! Ṣé o fẹ́ kí àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ilé gbọ́ ni?”

“Ẹ̀rù ń bà mí, Amma.”

“Ẹ̀rù kí ni? Ọmọ Chirutha ni ẹ́! Ẹkún á ba omi ọyàn ẹ jẹ́. Yí padà, jẹ́ n ra apá kejì.”

Remya yí padà. Láti ọjọ́ náà, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Chirutha rò pé ara ti tù ú. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣé gbogbo ẹni tó bá dákẹ́ lara rẹ̀ yá?

3.
Bàbá Kesavan gbé epo wá. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi béèrè, “Ọmọ wa ńkọ́? Ṣé ò ń gbọ́ tẹnu ẹ̀?”

Chirutha dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ọmọ tí mo fi inú mi bí náà lẹ tún fẹ́ kọ́ mi bí màá ṣe tọ́jú? Ó ń sùn.”

Irọ́ ni. Remya wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi aṣọ di ẹnu, omijé ń dà lójú rẹ̀. Chirutha rí i nígbà tó wọlé. Ó rí i o! Ó kàn fi ìka nù ún lójú, ó ní, “Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ti súnmọ́ tòsí. Má jẹ́ kí ojú ẹ wú.”

4.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n tí a máa ń sọmọ lórúkọ nílùú wa pé, àwọn ará ilé ọkọ dé. Chirutha mú Remya jáde, ó ń fi yangàn. “Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́! Ẹ wo awọ ara! Ta ló tún lè ṣe é bẹ́ẹ̀?” Gbogbo èèyàn sì ń yìn ín.

Sujesh, ọkọ Remya, so okùn dúdú mọ́ ọmọ náà nídìí, ó sọ orúkọ sí i létí, ó wá gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Remya kò na ọwọ́. Díẹ̀ ló kù kí ọmọ já bọ́, Sujesh ló yára gbé e mọ́ra.

“Ẹ gbé e jìnnà sí mi,” ni Remya wí. “Kò sí ìyá nínú mi.”

Ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó kọrí sí odò tó ti kún fún òjò. Chirutha dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Devaki, ìyá Sujesh, ló sáré, ló dì mọ́ Remya lórí àtẹ̀gùn tó sọ̀ kalẹ̀ sínú odò, tí àwọn méjèèjì sì jọ ń sunkún.

5.
Bàbá Kesavan fúnra rẹ̀ ló pe mọ́tò. “Ilé ìwòsàn, kíá! Epo mi ní ààlà.” Dókítà gba Remya, ó ní àìsàn ìbànújẹ́ tó máa ń mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ ni, ó fún un lóògùn, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ilé Devaki ló ní òun fẹ́ lọ.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí ara rẹ̀ tó yá. Láàárín ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún ránṣẹ́ pe Chirutha síbi ìbímọ.

Nígbà tó yá, ó lọ kí ọmọ rẹ̀. Ó bá Remya níta, ó ń fún ọmọ lọ́mú, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Chirutha kúnlẹ̀ tì í.

“Ọmọ mi, kí ló wà lọ́kàn ẹ?”

Remya gbé ojú sókè. Kò bínú. “Àlàáfíà ni, Amma. Ìyá ọkọ mi ti béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi láàárọ̀.”

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọkọ, ìkìlọ̀ rè é. Ẹ ra á lára, ẹ wẹ̀ ẹ́, àṣà wa dáa. Ṣùgbọ́n bí ìyá ọlọ́mọ bá ní inú òun kò dùn, ẹ má torí orúkọ yín pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ gbọ́ ọ. Bó bá sì ju agbára yín lọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ara tó ń dán nìkan kọ́ lẹ ó máa wò: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.