Sátíìnì Dídán Lára Ọkọ̀ Òfuurufú Bàbá

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "mo ti mọ̀ ọ́n" kí wọ́n tó bá yín sọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1.
Aránṣọ kan wà tí àwọn oníbàárà ń pè ní Kò-sáṣọ-tí-n-ò-mọ̀, torí gbólóhùn yẹn kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Òun àti bàbá rẹ̀, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n jọ ń gbé. Bàbá ń fi igi fífúyẹ́ gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á jù ú sókè ni, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ. Egungun rẹ̀ ti parí, aṣọ ara rẹ̀ ló kù.

Ojú bàbá ń kú lọ. Dókítà ti sọ pé kò sóògùn tó lè dá a dúró.

"Ọmọ mi, ohun kan ló kù tí mo fẹ́ fi ojú yìí rí: kí nǹkan yìí fò."

2.
Bàbá ò rí etí aṣọ gé mọ́, ni wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà fún ọmọ wọn, pẹ̀lú sílíìkì funfun kan tó fẹ́lẹ́.

"Tó o bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi tán, fi ọ̀dà yìí, tó máa ń fa aṣọ le bó ṣe ń gbẹ, kun orí ìyẹ́ àti abẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó títí á fi gbẹ. Tí ojú kan bá gbẹ ṣáájú èkejì, ìyẹ́ á wọ́."

"Bàbá, ṣé aṣọ náà lẹ tún fẹ́ kọ́ mi? Aṣọ ìyàwó mélòó ni mo ti rán?"

"Aṣọ ìyàwó kì í fò."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde.

3.
Ó ní sílíìkì yẹn jọ báńdéèjì. Sátíìnì pupa tó ṣẹ́kù lára aṣọ ìyàwó kan ló lò, ó wúwo, ṣùgbọ́n ó ń dán. Bó ṣe kun orí ìyẹ́ tán, dídán náà wọ̀ ọ́ lójú. Kò fi òkúta kankan tẹ̀ ẹ́, kò sì kun abẹ́ rẹ̀. Ó gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí àwọn oníbàárà lè rí i.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyẹ́ kan ti wọ́. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ìyẹ́ náà tún wọ́ padà. Ó sáré kun abẹ́ rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Ta ló máa mọ̀?

"Ó wúwo díẹ̀," ni bàbá, tí ojú wọn ò mọ pupa yàtọ̀ sí funfun mọ́, wí nígbà tí wọ́n gbà á.

"Ọ̀dà ni, Bàbá."

Wọ́n gbà á gbọ́. Ohun tó ń dun aránṣọ náà jù títí dòní nìyẹn.

4.
Ní pápá, bàbá ju ọkọ̀ náà sókè. Ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì forí sọ ògiri ẹ̀gbẹ́ pápá. Bàbá ń fọwọ́ wá a kiri nínú koríko títí ọwọ́ wọn fi kan ìyẹ́ náà. Wọ́n fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ilé ni èyí ti wọ́ wá."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Màá tún un ṣe."

"O lè tún un ṣe. Ojú mi ńkọ́?"

Wọn ò bú u. Ì bá sàn ká ní wọ́n bú u.

5.
Ó ti ṣọ́ọ̀bù. Ìka bàbá ló ń tọ́ ìka rẹ̀ sọ́nà bó ṣe ń gbẹ́ igi tuntun. Sílíìkì funfun ló lò lọ́tẹ̀ yìí, ó kun òkè àti abẹ́, ó sì to òkúta lé e. Àsìkò òjò ti kọjá kó tó parí, ojú bàbá náà sì ti lọ.

Ní pápá, aránṣọ náà ló ju ọkọ̀ náà sókè. Ó lọ geere.

"Ṣé ó ń fò?"

"Ó ń fò, Bàbá. Ó ti kọjá orí igi."

Bàbá gbójú sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀tún ni wọ́n kọjú sí, òsì sì ni ọkọ̀ náà wà. Ọmọ wọn fọwọ́ méjèèjì di orí wọn mú, ó rọra yí i síbi tó yẹ, ó ń sunkún.

Ẹ̀yin tọ́wọ́ yín mọṣẹ́, ẹ ṣọ́ra. Tí wọ́n bá ń ṣàlàyé, ẹ fetí sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti rí i pé ìyẹ́ ti wọ́, ẹ sọ ọ́ nílé kó tó dé pápá. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn: gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.