Ìdí Igi Mopélọ́lá

Ní ìlú Ìkirè, agbẹjọ́rò kan wà tó ń jẹ́ Dérìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bá àwọn ilé-iṣẹ́ kọ́lékọ́lé ra ilẹ̀. Ó mọ òfin bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù rárá. Bó bá jókòó, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Àléébù rẹ̀ kejì ló wá burú jù: lójú tirẹ̀, obìnrin kì í ní ilẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ra ilẹ̀ olóògbé Bàbá Jagun, wọ́n sì fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ kí òjò tó dé. Àwọn ọmọkùnrin bàbá náà fọwọ́ sí ìwé. Dérìn kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan mọ́. Ó ní kí katakata wọlé.

Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí Mopélọ́lá, ọmọbìnrin Bàbá Jagun, fi sáré dé. Orí ilẹ̀ yìí ló ti ń roko jẹun láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

"Lọ́yà, ẹ̀gẹ́ mi lẹ ń tẹ̀ yẹn! Ta ló ta ilẹ̀ bàbá mi?"

Dérìn kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. "Màmá, àwọn ọkùnrin ilé yín ti tà á. Ẹ ti relé ọkọ, kí lẹ tún ń wá?"

"Ilé ọkọ ni mo lọ, n kò lọ sọ́run! Ẹ bi wọ́n wò, ìyàwó mélòó ni bàbá wa fẹ́?"

"Òjò ń bọ̀, màmá. N kò ráyè ìtàn."

Mopélọ́lá gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, ìtàn tí Dérìn kò ráyè gbọ́ yẹn ló sì dé iwájú adájọ́. Ìyàwó méjì ni Bàbá Jagun fẹ́. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo àwọn ọkùnrin tó fọwọ́ sí ìwé. Mopélọ́lá nìkan ni ìyàwó kejì bí. Bẹ́ẹ̀ ìdí igi, ìyẹn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n fi ń pín ogún nílé wọn, kì í ṣe iye orí. Òun nìkan ni ìdí igi kan, ìdajì ilẹ̀ sì ni tirẹ̀. Adájọ́ ní títà náà kò dúró, nítorí wọn kò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó tà á.

Wọ́n wó ògiri ilé tí wọ́n ti kọ́ sórí ilẹ̀ náà dé ojú fèrèsé. Ilé-iṣẹ́ náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Dérìn, kò sì sí akọ́lé tó tún fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ríra lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òfin rẹ́ obìnrin jẹ lójú yín. Ẹ sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ dé òpin kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.