Bí Ohùn-Oyin Ṣe Ba Ohùn Ara Rẹ̀ Jẹ́

Ohùn-Oyin kì í purọ́. Ìkà tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ dé ibi tí wọ́n rán an láìfi ẹyọ kan kún un, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ á ti bà á jẹ́ lọ́nà. Aránṣọ ni, ó mọ orin kọ, kò sì ní láárí kankan.

Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù ń wá ẹni tí yóò fi í lé lọ́wọ́, torí ojú rẹ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń ránṣọ níbẹ̀, ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Itọ́ ṣọ́ọ̀bù kan náà sì ń dà lẹ́nu Ohùn-Oyin.

Lọ́jọ́ kan Màmá rán an níṣẹ́: "Sọ fún ìyàwó mi pé ó gbìyànjú lórí aṣọ tó rán yẹn."

Ó lọ bá a nídìí ẹ̀rọ. "Màmá ní o gbìyànjú." Ó fa "gbìyànjú" yẹn gùn bíi rọ́bà, ó gba imú gbé e jáde.

"Ṣé bí wọ́n ṣe wí i nìyẹn?"

"Ìyàwó wa, ṣé mo fi nǹkan kún un ni?"

Bó bá ń lọ aṣọ, á máa kọrin: "Ìyàwó wa mọṣẹ́, ó mọṣẹ́ o." Tó bá dé "mọṣẹ́" kejì, á gbá áyọ́ọ̀nù mọ́ tábìlì, á dúró kí àwọn aránṣọ yòókù rẹ́rìn-ín tán.

Ìyàwó palẹ̀ ẹrù mọ́. "Màmá, mo ń lọ. Ẹ ti ní mo gbìyànjú."

"Àbí kí ni kí n wí? Aṣọ náà dára!"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe dé etí mi." Ó gba imú sọ ọ́ bí Ohùn-Oyin ṣe sọ ọ́. "Ó tún ń fi orin bú mi nídìí áyọ́ọ̀nù."

Màmá dìde fùú. "Èmi? Ohùn-Oyin, kọ orin rẹ yẹn kí n gbọ́."

Ó kọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ẹni tó ń gán bọ́tìnnì pariwo: "Kò kọ ọ́ báyẹn rí!" Ni gbogbo wọn bá gbé e bó ṣe máa ń kọ ọ́, wọ́n sì gbá tábìlì.

Ohùn-Oyin wólẹ̀, omijé gidi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Mo ṣẹ̀ yín."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń wí i!" ni Màmá fèsì.

Ó gbé ohùn sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní eléyìí tún dùn ju tàkọ́kọ́ lọ. Bí ìyàwó ṣe ń gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ Màmá ni Ohùn-Oyin ń wá bàtà rẹ̀ kiri láti máa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní "n ò fi nǹkan kún un," ẹ̀kọ́ yín rèé. Nínú ọ̀rọ̀, nínú ewì àti nínú orin, ibi tí ohùn bá tẹ̀ ni ìtumọ̀ ń gbé. Ẹni tó bá fi ohùn sọ ìyìn di èébú, òun gan-an ló bú èèyàn. Lọ́jọ́ tó bá ń bẹ̀bẹ̀ tọkàntọkàn, kò ní rí ohùn kan tí ẹnikẹ́ni yóò gbà gbọ́.