Bọ́tìnnì Pupa Kan

"Ta ló hun èyí, ẹni tó ń tòògbé ni?" Ẹ̀gbọ́n yọ súwẹ́tà kan lórí ìkọ́, ó ń fi apá ọ̀tún súwẹ́tà náà tó gùn ju tòsì lọ juwọ́ sí àbúrò rẹ̀.

Àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kàwé lókè òkun ni. Láti àárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ti ń mú un kiri àdúgbò àwọn onígbafẹ́. Wọ́n ti wọ ṣọ́ọ̀bù tí ológbò ń sùn lórí tábìlì, wọ́n ti wọ èyí tí gbogbo àga rẹ̀ dorí kodò. Ní ti èyí tí wọ́n wà báyìí, kìkì ohun àlòkù tí ẹni tó ni ín ò fẹ́ mọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Ẹ̀rín kú mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà lẹ́nu. Bọ́tìnnì búlúù mẹ́rin, pupa kan. Òun gan-an ló ń bá Màmá ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n ń rán àwọn bọ́tìnnì náà mọ́ ọn, torí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, súwẹ́tà tí Màmá hun fún yín ńkọ́?"

"Ó wà nínú àpótí. Ohun ìyá ẹni, ṣé èèyàn ń fi ṣeré?"

Akẹ́kọ̀ọ́ náà sanwó, ó wọ súwẹ́tà náà sọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi jáde. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n wà tí fóònù Ẹ̀gbọ́n dún.

"Ẹ káàsán, Màmá. Òtútù kẹ̀? Súwẹ́tà yín ló wà lọ́rùn mi báyìí." Irọ́ náà ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ geere.

Àbúrò na ọwọ́ ọ̀tún, ó ní òun náà fẹ́ kí Màmá. Apá súwẹ́tà náà ti bo gbogbo ìka rẹ̀.