Ohun Tó Dí Síǹkì Púlọ́ńbà

Síǹkì ilé púlọ́ńbà dí fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta náà sì ni ìyá ìyàwó rẹ̀ tó wá kí wọn fi panu mọ́.

"Kí lẹ ṣe fún màmá mi?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Mo ti dọ̀bálẹ̀ títí, àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó! Òróró tí o dà dí síǹkì ńkọ́? Ìyẹn náà, èmi ni?"

Púlọ́ńbà kúnlẹ̀, ó tú páìpù abẹ́ síǹkì. Eyín àtọwọ́dá já bọ́ sínú garawa.

Màmá yọ ọ́, ó ṣàn án, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́nu.

"Ilé onílé lò ń tún ṣe kiri, tìrẹ dí fọ́jọ́ mẹ́ta!"

Omi ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Orí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ ni púlọ́ńbà wà tí oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ fi tutù.