Ọsàn Tí Kò Ní Ga

Ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọlé sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ni Aránṣọ to àwọn ọ̀rá dúdú tó kún fún erùpẹ̀ sí. Inú wọn ni àwọn ọmọ ọsàn ti ń hù. Kì í ṣe ọsàn tí èèyàn ń jẹ o. Èso rẹ̀ korò bí jogbo, ẹ̀gún rẹ̀ gùn, ewé rẹ̀ sì ń yọ ní mẹ́ta mẹ́ta. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n ń fi í ṣe: bí wọ́n bá lẹ ẹ̀ka ọsàn dídùn mọ́ ọn, igi tó máa jáde kò ní ga púpọ̀. Èèyàn lè jókòó sínú kẹ̀kẹ́ arọ kó sì ká èso rẹ̀.

Inú kẹ̀kẹ́ arọ ni bàbá rẹ̀ wà. Onígbàjámọ̀ ni tẹ́lẹ̀, kó tó já bọ́ láti orí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì ṣiṣẹ́ mọ́.

Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń kan sáárá sí Aránṣọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tiẹ̀ sọ pé bí òun bá bí irú ọmọ báyìí, òun ò ní bẹ Ọlọ́run fún òmíì. Aránṣọ a rẹ́rìn-ín, a sì bu omi sí ọ̀rá tó ti mu omi yó tẹ́lẹ̀. Ojú máa ń tì í.

Òun ló di àkàbà mú lọ́jọ́ náà. Ìyá wọn ò tíì pé ọdún tó kú. Ọsàn ò tíì pọ́n, ṣùgbọ́n Bàbá ní òun rí ìkan tó ti ń pọ́n lókè pátápátá. Ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló kó abẹ àti ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀ fún ọmọṣẹ́ rẹ̀, ó ní kó máa bá iṣẹ́ lọ. Kò pẹ́ tó dókè ni tẹlifóònù pálọ̀ dún. Aránṣọ ń retí oníbàárà kan, ló bá fi àkàbà sílẹ̀, ó sáré wọlé. Ó gbé e sétí, kò gbọ́ ohùn ẹnì kankan, afẹ́fẹ́ lásán ló ń fẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tó padà jáde, Bàbá ti wà nílẹ̀. Bàtà rẹ̀ kan wà lábẹ́ igi, ìkejì wà lẹ́bàá ògiri, fóònù rẹ̀ ti fọ́ yángá.

Bàbá sọ fún gbogbo ayé pé òun ṣi ẹsẹ̀ gbé ni. Kò dárúkọ àkàbà rí. Aránṣọ náà kò dárúkọ rẹ̀. Bóyá Bàbá mọ̀ pé ọmọ òun ò sí níbẹ̀, bóyá kò mọ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí Aránṣọ sùn.

Kóró kan máa ń hu méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á sì fa èyí tó bá yàtọ̀ tu. Bàbá ló ń fojú yàn wọ́n. Ìkan wà tó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́. Aránṣọ fẹ́ fà á tu, Bàbá ní kó fi í sílẹ̀, ẹnì kan ò tíì mọ ohun tó máa dà.

Nígbà tí àwọn igi náà nípọn tó pẹ́ńsù, Aránṣọ gé ẹ̀ka kan wá láti ara igi ẹ̀yìnkùlé. Bàbá mú abẹ kan. Ọwọ́ onígbàjámọ̀ ò tíì kúrò lára rẹ̀; ó la èèpo igi náà láìgbọ̀n.

"Dì í mú dáadáa," ni ó wí. "Má fi í sílẹ̀."

Aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì di igi náà mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fi àkàbà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Fóònù ló dún, mo sì sáré lọ gbé e. Èmi ni mo sọ yín di báyìí."

Bàbá gbé abẹ lé itan rẹ̀. Ó bi í bóyá ohun tó ti ń gbé kiri láti ọjọ́ náà nìyẹn. Aránṣọ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkùnrin tí kò sunkún níbi ìsìnkú ìyàwó rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, kò lè wo ojú rẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo pe fóònù yẹn láti orí igi, kí o lè wọlé, kí o má bàa rí mi nígbà tí mo bá bẹ́ sílẹ̀."