Ẹ̀rọ Mẹ́jọ Tó Ń Dúró De Ayàwòrán

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn kí ayé máa rí oore ọwọ́ rẹ̀ ju oore náà gan-an lọ. Àlùfáà ni. Ìjọ rẹ̀ rán an lọ sí ilẹ̀ òkèèrè láti wàásù, kó sì máa bójú tó ilé ìwòsàn kékeré kan tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀. Kò lè fún arúgbó ní búrẹ́dì kó má dúró kí wọ́n ya fọ́tò. Bí búrẹ́dì bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ayàwòrán tó ṣe tán, á gbà á padà, á tún fún un. Bàbá Fọ́tò ni àwọn ará ìlú ń pè é lẹ́yìn. Ó gbọ́ ọ, inú rẹ̀ sì dùn.

Ìyàwó rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn náà. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n tó bá la ẹnu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọni lára. Wọ́n fi ọmọ wọn méjèèjì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá-àgbà nílé.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, èémí ló ń já gbà lẹ́nu ènìyàn. Sìlíńdà afẹ́fẹ́ mẹ́ta péré ló wà nílé ìwòsàn. Àlùfáà kọ lẹ́tà sílé, ó sì kọ ọ́ dáadáa, nítorí ó mọ̀ ọ́n kọ. Ìjọ fi ẹ̀rọ mẹ́jọ tó ń fún aláìsàn ní afẹ́fẹ́ mímí ránṣẹ́. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gúnlẹ̀ sí ilé ẹrù ìjọ ní ìlú ńlá, lódìkejì odò, ìrìn wákàtí mẹ́rin.

"Dérébà ti bu epo sọ́kọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ti ń wọ bàtà. "Ẹ jẹ́ kó lọ kó wọn wá, Bàbá Àwọn Ọmọ."

"Ó di ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni alága ìlú àti bíṣọ́ọ̀bù máa ráyè wá síbi ayẹyẹ ìfihàn wọn. Ẹni tó ń kọ bánà ṣi orúkọ mi kọ, mo ní kó tún un ṣe."

"Ṣé ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́ ò ṣeé yà ní fọ́tò ni?"

"Èyí tí wọ́n ti tú nínú páálí kì í dán lójú àwòrán."

"A kì í fi iná sórí òrùlé sùn o. Ènìyàn mẹ́fà ló wà nílẹ̀, sìlíńdà mẹ́ta."

"Ọjọ́ mélòó náà ni? Olúwa á dá wọn sí."

Obìnrin náà mú ìbomú rẹ̀, ó jáde.

Ní Ọjọ́rú, bíríkìlà kan kú lórí ibùsùn kẹrin. Ní Ọjọ́bọ̀, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, sójà sì dí afárá tó wọ ìlú ńlá. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n bá nọ́ọ̀sì àgbà níbi tó fara ti ògiri, tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni dérébà lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà.

"Bàbá, mo ní ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni mo fẹ́ lọ kó," ló sọ lórí fóònù. "Sójà ní ọjọ́ wo ló dé. Mo ní ọjọ́ Ajé. Ó ní, kí lẹ wá ń ṣe látọjọ́ Ajé? Ó ní kí n yí ọkọ̀ padà, Bàbá."

Àlùfáà pe alága ìlú. Alága ní ọ̀rọ̀ náà ju agbára òun lọ. Àlùfáà tún pe bíṣọ́ọ̀bù. Ìyẹn gbàdúrà gígùn fún un lórí fóònù, irú èyí tí àlùfáà fúnra rẹ̀ máa ń gbà fún àwọn tí kò rí nǹkan ṣe fún. Ó ṣe àmín, fóònù sì kú.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó ń wo àyà ìyàwó rẹ̀. Sìlíńdà méjì ti gbẹ. Ó sáré bá dókítà.

"Ẹyọ kan tó kù ńkọ́?"

"Ìyá afọṣọ ló wà lórí rẹ̀. Bí mo bá yọ ọ́, kò ní pẹ́ kú."

Àlùfáà wẹ̀yìn, ó wo iwájú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Yọ ọ́."

Dókítà náà lè bí i lọ́mọ, kò sì bínú. Ó nawọ́ sí bẹ́ǹṣì tó wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ọmọ ìyá náà ló jókòó yẹn, Bàbá. Ẹ lọ sọ fún un."

Ó lọ. Ọmọbìnrin náà dìde. "Ẹ ṣé o, Bàbá. Mo mọ̀ pé ẹ ń bá wa gbàdúrà fún ìyá mi."

Àlùfáà kò béèrè sìlíńdà náà mọ́. Ó jókòó tì í. Lẹ́yìn náà, ó padà sẹ́yìn gíláàsì. Kí oòrùn tó wọ̀, nọ́ọ̀sì àgbà yíjú sí gíláàsì lẹ́ẹ̀kan. Ètè rẹ̀ mì. Ọkọ rẹ̀ ò gbọ́ ohun tó sọ, kò sì ní gbọ́ ọ mọ́ láé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ kú. Àwọn tó wọ aṣọ funfun látorí délẹ̀ ló sin ín. Wọ́n ní kí àlùfáà dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìjọba gba ọkọ̀ ilé ìwòsàn láyè láti kọjá lórí afárá, ẹ̀rọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì dé. Dókítà fi ọ̀bẹ ya páálí, kò dúró de ẹnì kankan. Kí ọjọ́ náà tó parí, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ìyá afọṣọ sì wà lára àwọn tó yè.

Lẹ́tà ìjọ dé lẹ́yìn náà. Wọ́n ti gbọ́ bó ṣe rí, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàlúù kò fò, kò lè padà sílé, kò sì lè hú òkú aya rẹ̀ gbé lọ. Oṣù márùn-ún ló fi wà nínú yàrá méjì, láàárín aṣọ obìnrin náà. Ìyá-àgbà ní òun kò ní bá a sọ ikú ìyá wọn fún àwọn ọmọ, àfi kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó pè wọ́n, ó sọ ọ́. Èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n sunkún títí, ó wá dákẹ́.

"Dádì, ṣé kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀ ni?"

"Ó wà," ni bàbá wí.

Ọmọ náà ń retí ìyókù ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ ká fi kọ́gbọ́n. Oore tó lè gba ènìyàn là lónìí, ẹ má ṣe fi í pamọ́ de ẹlẹ́rìí. Ẹni tó ń wá ìyìn lẹ́nu ayé yóò rí i lọ́jọ́ ìṣòro pé ẹnu tó ń yin èèyàn kò lọ́wọ́ tó fi ń gbani. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, bó bá sì ti dé, kò sí ẹni tó lè bá ni gbé e.